Ooru Abẹ́ Ilẹ̀: Ìṣirò Tó Yẹ Ká Ṣe Kí A Tó Gbé Ẹ̀rọ Sínú Ilé Tí A Kọ́ Fúnra Wa

 

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, ìdílé mẹ́ta ló dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n bi wá ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ tí ẹ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín tó ń mú ilé gbóná yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Èló lẹ rà á? Ṣé ká ra tiwa?" Ìdáhùn orí ìdúró tí a fún wọn kò tó. Méjì nínú wọn ti ra ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́lé sí, owó tí wọ́n sì fẹ́ ná, owó àjọ ọdún pípẹ́ ni. Ẹni tó bá ṣi irú owó bẹ́ẹ̀ ná lè máà rí òmíràn kó jọ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyí tí a fi sọ ojú-ewé okòwò ti ẹ̀dà yìí di kíláàsì.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: àwa tọkọtaya la ni ìtàn yìí. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ aṣírò owó, èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹnjiníà nínú wa. Ohun tí a mọ̀ ni ohun tí a kà, ohun tí a bèèrè, àti ohun tí ó dun àpò wa.

1. KÍ NI Ẹ̀RỌ YÌÍ Ń ṢE?

Ẹni tó bá dàgbà sílé yóò rántí òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí a bá fa omi kànga ní ìdájí, omi náà á lọ́ wọ́ọ́wọ́, nígbà tí omi inú garawa tó sun ìta mọ́jú á ti tutù nini. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, omi kànga kan náà á tutù lọ́fun. Kì í ṣe kànga ló yí padà, afẹ́fẹ́ ló yí padà. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún kì í tètè gbọ́ pé ọyẹ́ dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Bí a bá gbẹ́lẹ̀ dé nǹkan bí mítà mẹ́wàá sísàlẹ̀, a ó bá ilẹ̀ ní nǹkan bí 10 sí 12°C, ìbáà jẹ́ oṣù Kìíní, ìbáà jẹ́ oṣù Keje. Ooru wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbóná tó ohun tí a lè yá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti kó o jọ, kó sì sọ ọ́ di gbígbóná.

Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín, ó gbóná. Ooru tó wà lára ẹran àti omi tí ẹ kó sínú rẹ̀ ló fà jáde tó dà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tí a ń sọ yìí, tí àwọn ará ibí ń pè ní ground source heat pump, iṣẹ́ fíríìjì ló ń ṣe. Ó sọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé di inú fíríìjì, ó sì sọ ilé yín di ẹ̀yìn rẹ̀. Omi tí a po mọ́ oògùn tí kì í jẹ́ kó di yìnyín ń yí po nínú páìpù oníke tó wà nínú ilẹ̀. Ó ń gba ooru ilẹ̀ bọ̀ wá sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀, á fún un mọ́ra títí yóò fi gbóná, á sì gbé e fún omi tó ń lọ káàkiri ilé. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní ẹ̀rọ ooru ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, a ó pè é ní ẹ̀rọ ooru afẹ́fẹ́.

Èrè rẹ̀ rèé: híìtà iná lásán tó bá jẹ yúnìtì iná kan, ooru yúnìtì kan ni yóò fún wa. Ẹ̀rọ ooru ilẹ̀ tí a ṣe dáadáa lè jẹ yúnìtì kan kó fún wa ní ooru yúnìtì mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé inú ilẹ̀ ló ti rí ìyókù.

Kì í sì í ṣe nǹkan àná. Ọkùnrin ará Switzerland kan, Heinrich Zoelly, gba ìwé àṣẹ lórí irú ìmọ̀ yìí ní 1912. Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Royal Festival Hall ní London ní 1951, inú omi odò Thames ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń fa ooru fún un. Ìmọ̀ náà dàgbà ju púpọ̀ nínú wa lọ. Ohun tó kù fún wa ni bí a ó ṣe yàn án.

2. ILÉ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ, KÌ Í ṢE Ẹ̀RỌ

Abúlé tí a kọ́lé sí ní Lincolnshire kò ní gáàsì. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a pè wo àwòrán ilé wa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n bi wá bí ilé náà ṣe tóbi tó, a ní mítà onígun mẹ́rin 180. Wọ́n kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ kílówáàtì 14 la nílò, àti ihò mẹ́ta tí wọn yóò lu wọ inú ilẹ̀ lọ. £46,000 ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fọwọ́ sí ìwé kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn á yọ £2,000.

Bíírò ti wà lọ́wọ́ wa. Nọ́ọ̀sì ilé wa ló bèèrè pé: "Ṣé wọ́n bi wá irú fèrèsé tí a fẹ́ lò?" A ronú sí i, wọn kò bi wá. Wọn kò bèèrè bí ògiri yóò ṣe nípọn tó, wọn kò bèèrè ohun tí a ó tẹ́ sábẹ́ òrùlé. Ó ní: "Dókítà tí kò yẹ ara wò tó ti ń kọ oògùn, ṣé a ó gbé e mì?" A gbé bíírò sílẹ̀.

Ẹnjiníà kejì gba £450 lọ́wọ́ wa kó tó sọ ohunkóhun. Ó gba ìwé fèrèsé, ìwé ògiri, ìwé òrùlé àti ti ilẹ̀ ilé. Ó ṣírò iye ooru tí yàrá kọ̀ọ̀kan yóò máa pàdánù nígbà tí ìta bá wà ní nǹkan bí -3°C. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé kílówáàtì 7 péré ni ilé wa nílò. Ìdajì ohun tí àwọn ti àkọ́kọ́ fẹ́ tà fún wa nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí o: ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní àǹfààní tí ilé àtijọ́ kò ní. Owó tí a bá ná sórí ohun tó ń di ooru mọ́ inú ògiri, sórí fèrèsé gidi, àti sórí dídí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé, ẹ̀ẹ̀kan la ná an, òun ló sì ń sọ ẹ̀rọ di kékeré. Agbọ̀n kì í gbomi dúró. Ẹni tó ń da omi sí agbọ̀n, kó má wulẹ̀ ra garawa ńlá, kó lọ wá ìkòkò.

Ẹ̀rọ tó tóbi jù sì ní àléébù tirẹ̀. Á máa tàn á máa kú lemọ́lemọ́, á sì tètè gbó. Èyí tó kéré jù á máa fa ooru ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ilẹ̀ á tutù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi híìtà iná lásán gbè é lẹ́sẹ̀.

3. ILẸ̀ YÍN Ń KỌ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti gba ooru lọ́wọ́ ilẹ̀.

Èkíní ni kòtò gbọọrọ. A ó gbẹ́ ẹ ní nǹkan bíi mítà kan sí mítà kan àtààbọ̀ sísàlẹ̀, a ó sì tẹ́ páìpù sínú rẹ̀. Òun ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n jù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Ẹ máa fi ojú ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta fífẹ̀ inú ilé wò ó títí ẹnjiníà yóò fi fún yín ní ìwọ̀n gan-an. Oòrùn àti òjò ló ń dá ooru padà fún kòtò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má da kọnkéré lé e lórí, ẹ má kọ́ ilé ọkọ̀ sórí rẹ̀. Koríko àti ọgbà ẹ̀fọ́ kò burú.

Èkejì ni ihò jíjìn, tí a lè lù dé 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe bóòhólù omi bíi tilé o. Omi kankan kì í jáde níbẹ̀, páìpù ló sọ̀kalẹ̀ tó sì padà gòkè, a sì fi ohun tó dà bíi sìmẹ́ǹtì dí àlàfo yí i ká. Ilẹ̀ kékeré tó fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlulẹ̀ wọ́n. Bí àdúgbò yín bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti wa èédú rí, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ Mining Remediation Authority kí ẹ tó lu ihò gba inú èédú kọjá.

Ẹ̀kẹta ni kí a fa omi abẹ́ ilẹ̀ gan-an, kí a gba ooru rẹ̀, kí a sì dá a padà. Ẹni tó bá fẹ́ fa ju 20 mítà onígun mẹ́fà lọ lóòjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Environment Agency. Fún ilé ìdílé kan, wàhálà rẹ̀ sábà máa ń ju èrè rẹ̀ lọ.

Irú ilẹ̀ náà ṣe kókó. Amọ̀ tó ní omi nínú ń gbé ooru dáadáa. Yanrìn gbígbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń fẹ́ páìpù tó gùn sí i. Amọ̀ ni tiwa. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin ànàmọ́ tẹ́lẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilé, nítorí náà kòtò ló tọ́ sí wa, kì í ṣe ihò mẹ́ta. Òfin tí ẹnjiníà yín gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ni pé omi tó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ wọ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ lọ sí abẹ́ 0°C, kì í ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ nìkan, títí di ogún ọdún. Ẹ ní kó fi ìṣirò ìyẹn hàn yín.

4. INÚ ILÉ

Bí omi tí ẹ̀rọ ń gbé kiri ilé bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Rédíétọ̀ kékeré ń fẹ́ omi gbígbóná gan-an. Páìpù tí a tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ilé lè mú yàrá lọ́ pẹ̀lú omi 35 sí 40°C, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ yàrá ló di rédíétọ̀. Òfin ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 tilẹ̀ sọ pé ilé tuntun gbọ́dọ̀ lè móoru pẹ̀lú omi tí kò ju 55°C lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé tuntun, ìsinsìnyí ni kí ẹ tẹ́ páìpù náà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí a ti lẹ táìlì, á fọ́ táìlì.

Ìwà ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí ti bọ́ílà gáàsì. Kì í ṣe ohun tí a ń tàn fún wákàtí kan kí a tún pa á. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ rántí omi ìwẹ̀ náà: ẹ lo táńkì tó tó iye ènìyàn tó wà nínú ilé, kí ẹ sì jẹ́ kí omi rẹ̀ máa dé 60°C lóòrèkóòrè nítorí kòkòrò Legionella. Ìdílé wa kì í fi omi ṣeré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi táńkì ènìyàn méjì ṣírò fún ènìyàn mẹ́fà.

5. ÌṢIRÒ OWÓ

Ibi tí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ mú bírò. A fi pẹ́ńsì 25 fún yúnìtì iná kan àti pẹ́ńsì 6 fún ti gáàsì ṣe ìṣirò yìí. Ẹ fi iye tó wà lórí ìwé owó iná tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ooru tí ilé wa nílò lọ́dún: yúnìtì 11,000 fún yàrá, 4,000 fún omi ìwẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,000.

Híìtà iná lásán: 15,000 × 25p = £3,750 lọ́dún.
Ẹ̀rọ ooru afẹ́fẹ́ tó ń fúnni ní 3 fún 1: 5,000 × 25p = £1,250.
Ẹ̀rọ ooru ilẹ̀ tó ń fúnni ní 3.75 fún 1: 4,000 × 25p = £1,000.
Bọ́ílà gáàsì tó ń lo 90 nínú 100 gáàsì rẹ̀: nǹkan bí 16,667 × 6p = £1,000, láìka owó ojoojúmọ́ tí ilé-iṣẹ́ gáàsì ń gbà.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ń fi híìtà iná lásán yá iná ń ju £2,500 nù lọ́dún. Ṣùgbọ́n láàárín ẹ̀rọ ooru ilẹ̀ àti ẹ̀rọ ooru afẹ́fẹ́, £250 péré ni ìyàtọ̀. Ẹni tó ní gáàsì lẹ́nu ọ̀nà kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí èrè owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì ní èéfín, ẹ̀rọ yìí kò sì ní.

Wàyí o, owó ríra. Fún ilé wa, ẹ̀rọ ooru afẹ́fẹ́ jẹ́ £13,500. Ẹ̀rọ ooru ilẹ̀ oníkòtò jẹ́ £27,000, ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí katapílà tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé náà gbẹ́ kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá sí £21,500. Ìjọba san £7,500 lórí èyíkéyìí tí a bá yàn. Nítorí náà ohun tí yóò jáde lápò wa jẹ́ £6,000 fún ti afẹ́fẹ́, £14,000 fún ti ilẹ̀. Ìyàtọ̀ £8,000 láti lè jèrè £250 lọ́dún. Bí a bá fi £8,000 yẹn sí báńkì tó ń san 4 nínú 100, £320 ni èlé rẹ̀ lọ́dún. Báńkì borí!

Ṣùgbọ́n ìṣirò kò tíì parí, nítorí ẹ̀rọ ń gbó. Èyí tó wà níta nínú òjò àti yìnyín kì í pẹ́ tó èyí tó wà nínú ilé. Páìpù tó wà nínú ilẹ̀, àádọ́ta ọdún ni a ń retí lára rẹ̀, ó kéré tán. A wá ṣírò pé a ó pààrọ̀ ti afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ogójì ọdún, ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní £9,000 nígbà kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 15: ti afẹ́fẹ́ £24,750, ti ilẹ̀ £29,000.
Bí a bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 40: ti afẹ́fẹ́ £74,000; ti ilẹ̀ £63,000.
Ti ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ gba £46,000, fún ọdún 40: £87,500. Kò sí ìgbà tí owó yẹn ì bá padà wálé.

Ẹ rántí pé owó ọ̀la kì í ṣe owó òní, £11,000 tí a ó jèrè lẹ́yìn ogójì ọdún kéré sí bó ṣe rí lójú. Síbẹ̀, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìbéèrè tó pinnu gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnjiníà. Òun ni pé: ọdún mélòó lẹ fẹ́ gbé inú ilé yìí?

Ìbéèrè yẹn dá wa lọ́wọ́ kọ́ fún oṣù méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la wá fún ọdún márùn-ún. Gbogbo wa là ń sọ pé "tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a ó padà sílé." A ti ń sọ ọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ilé wa tó wà ní ìlú ṣì ń dúró de òrùlé, àti owó òrùlé náà ni a fẹ́ mú nínú rẹ̀ fi kún owó ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ri páìpù àádọ́ta ọdún mọ́lẹ̀ níbí ti fẹnu ara rẹ̀ sọ nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò la ẹnu.

A jókòó, a pe àwọn ọmọ. Àbígbẹ̀yìn wa ní òun fẹ́ gbé inú ilé náà bí a kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Lórí ìyẹn la fi yan ti ilẹ̀. A fi òfin kan sí i: owó òrùlé ìlú kò ní kúrò níbi tó wà. A dín bíríìkì olówó ńlá iwájú ilé kù, a sì ti ibẹ̀ rí owó ẹ̀rọ. Bí àbígbẹ̀yìn ì bá ti sọ pé òun ń lọ sí Kánádà, ti afẹ́fẹ́ là ń bá rà, a kò sì ní kábàámọ̀.

6. OWÓ ÌRÀNLỌ́WỌ́ ÀTI OWÓ-ORÍ ỌJÀ

Ètò Boiler Upgrade Scheme ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales bẹ̀rẹ̀ ní 2022. Láti 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, £7,500 ló ń san lórí ẹ̀rọ ooru ilẹ̀ àti èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ mú omi ilé gbóná. Ilé tuntun tí ilé-iṣẹ́ kọ́ tà kì í rí i gbà, ṣùgbọ́n ilé tí ènìyàn kọ́ fúnra rẹ̀, tí kò sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín rí, lè rí i. Agbaṣẹ́ṣe tó ní ìwé ẹ̀rí MCS ló ń bá wa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Ofgem, á sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tí a ó san. Ẹni tó bá ṣì ń sọ fún yín pé ìjọba á máa san owó fún ọdún méje, ètò àtijọ́ ló ń sọ. Ìyẹn ti ilẹ̀kùn fún àwọn tuntun ní 31 oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹ̀yin ará Scotland, ọ̀dọ̀ Home Energy Scotland ni kí ẹ lọ.

Lórí VAT, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ la ti jìyà. Agbaṣẹ́ṣe tó bá bá yín ṣiṣẹ́ kíkọ́ ilé tuntun, 0% ló yẹ kó kọ. Ohun èlò tí ẹ bá fọwọ́ ara yín rà, ẹ ó san 20%, ẹ ó sì béèrè rẹ̀ padà lọ́wọ́ HMRC lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín oṣù mẹ́fà tí ilé bá parí. Oṣù mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. 5 oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n fi kún un.

Agbaṣẹ́ṣe wa kan kọ 20% lé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, a sì san án, a ní HMRC á dá a padà. HMRC kì í dá VAT tí agbaṣẹ́ṣe ṣì kọ padà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la padà lọ, oṣù mẹ́rin la fi bẹ̀ ẹ́. Aṣírò owó ló ṣe irú èyí o! Katapílà kékeré tí a yá láìsí awakọ̀ náà, VAT rẹ̀ lọ lọ ni. Bí ẹni tó ni katapílà bá wá gbẹ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀, 0% ni ì bá jẹ́.

7. ÀṢÌṢE WA KEJÌ

A kó wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ilé ṣì tutù, a sì fẹ́ kó yá, nítorí Màmá wa tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. A tan ẹ̀rọ tuntun sókè pátápátá láti gbẹ ẹ́. Ooru tí ilẹ̀ ì bá fún wa ní gbogbo ìgbà òtútù la fà tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Omi páìpù tutù, híìtà iná bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é, owó iná oṣù méjì yẹn sì bà wá lẹ́rù. A rò pé a ti ra ìgbèsè.

Ẹnjiníà wa ní ká yá ẹ̀rọ ìgbẹlé lásán, ká jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn dá ohun tí a jẹ padà. Nígbà tí òtútù tún padà dé, ìwé owó iná wá bá ìṣirò wa mu. Ẹ jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì gbẹ fúnra rẹ̀ o.

8. ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ Ó BI AGBAṢẸ́ṢE KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ SÍWÈÉ

Ẹ gé ibí yìí pamọ́, kí tọkọtaya jọ dáhùn rẹ̀.

(a) Ṣé ẹ ti ṣírò ooru yàrá kọ̀ọ̀kan? Ẹ fi ìwé rẹ̀ hàn wá.
(b) Mélòó ni omi tí yóò máa lọ sílé yóò gbóná tó, ní ọjọ́ tó tutù jù?
(d) Irú ilẹ̀ wo lẹ bá níbí, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?
(e) Yúnìtì iná mélòó lẹ rò pé yóò jẹ lọ́dún? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì fi mítà sí i kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò.
(ẹ) Ṣé ẹ ní ìwé ẹ̀rí MCS? Ta ni yóò tún un ṣe bí ilé-iṣẹ́ yín bá wọ́gbá?
(f) Ta ni yóò sọ fún ilé-iṣẹ́ tó ni wáyà iná àdúgbò pé ẹ̀rọ ń bọ̀?
(g) Èló ni VAT tó wà nínú iye yìí, kí ló sì dé?

Èyí tó kù, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bi ara yín: ọdún mélòó? Ta ni yóò jogún rẹ̀? Owó wo ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Ìdílé mẹ́ta tó dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìdáhùn wa rèé. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí kò ní gáàsì, tí ọmọ rẹ̀ yóò gbé ilé náà: ẹ ṣe ti ilẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ há, tó jẹ́ ihò ni yóò lù: ẹ ṣe ti afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ìyókù tún fèrèsé ṣe. Ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun ń lọ tàbí òun ń dúró: ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Màmá wa dé ní oṣù Kẹta. Ó bọ́ bàtà ní ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe nílé, ó sì dúró lórí táìlì fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: "Ilẹ̀ yìí lọ́ bí ilẹ̀ ìdáná. Ta ló dáná sábẹ́ rẹ̀?" A ní, "Mà, kò sẹ́ni tó dáná o, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Kò wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ilé wa títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ wo ìwé ìṣirò wa, kó bá wa ní ìpàdé tó ń bọ̀. A ó mú un dání. Ire o.